Kí Ètò Tó Bẹ̀rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Gbígba Àṣẹ fún Iṣẹ́ Àkànṣe Tuntun

Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ tuntun lé lọ́wọ́ ló sábà máa ń béèrè àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí. Àwọn kan wà tí ọ̀gá kàn pè pé "ìwọ ni kó o bá wa ṣe é." Àwọn mìíràn, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni èrò iṣẹ́ náà ti wá, wọn ò kàn mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn. Àkókò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹnì kan bá ti ní "ó yẹ ká wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí," ó sì parí lọ́jọ́ tí ẹni tó láṣẹ bá buwọ́ lùwé pé kí wọ́n lọ ṣètò rẹ̀.

Kí ló ń sọ iṣẹ́ kan di iṣẹ́ àkànṣe?

Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ohun tó sì máa mú jáde kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Sísan owó oṣù kì í ṣe iṣẹ́ àkànṣe. Yíyí ọ̀nà tí à ń gbà san owó oṣù padà, iṣẹ́ àkànṣe nìyẹn. Bí ẹ bá rí i pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní lọ́kàn kò lọ́jọ́ tó máa parí, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín lórí ìwé àṣẹ.

Kí ló dé tá ò fi lè bẹ̀rẹ̀ ètò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Gbogbo wa la mọ ohun tá à ń fẹ́.

Ẹ fún ẹni mẹ́ta lára "gbogbo wa" yẹn ní pépà kọ̀ọ̀kan. Kí oníkálukú kọ ohun tí iṣẹ́ náà máa mú jáde, kó má wo ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ wá kó pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, kẹ́ ẹ kà wọ́n sókè. Ó ṣọ̀wọ́n kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu.

Ilé eré Sydney Opera House ní Ọsirélíà ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1957 ni wọ́n kéde pé Jørn Utzon, ayàwòrán ilé ará Dẹ́ńmáàkì, ló borí nínú ìdíje yíya àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà rẹwà, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ òrùlé onígbáǹgbá yẹn kó sì dúró. Ìjọba ń kánjú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ nílẹ̀, àwọn tó ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn lè yí ọkàn padà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 1959, ọ̀rọ̀ òrùlé ò tíì yanjú. Ìgbà tí wọ́n wá mọ bí òrùlé ṣe máa wúwo tó, àwọn òpó tí wọ́n ti gbé dúró nísàlẹ̀ kò lágbára láti gbé e. Wọ́n ní láti tún wọn ṣe.

Iye tí wọ́n kọ́kọ́ fojú bù kò ju mílíọ̀nù 7 dọ́là Ọsirélíà lọ, ọdún 1963 ni wọ́n sì ní ó máa parí. Mílíọ̀nù 102 ló gbé mì, ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i. Utzon fúnra rẹ̀ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti 1966. Lónìí, UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kà á mọ́ ogún àgbáyé, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ìyẹn ò ní kí ẹjọ́ ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ má jẹ́ ẹjọ́. Ẹni tó buwọ́ lu mílíọ̀nù 7 kò mọ ohun tó ń buwọ́ lù, torí pé ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kò sọ fún un pé ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà ni wọn ò tíì mọ̀. Ohun tí àkókò tó ṣáájú ètò wà fún nìyẹn: kí ẹni tó máa sanwó mọ ohun tá a mọ̀ àti ohun tá ò tíì mọ̀.

Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdí ìṣòro ni. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń wá fún àṣẹ, ojútùú ló máa ń wà lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì wá ìṣòro inú rẹ̀ kò ní rí i. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, a ó sì máa lo àpẹẹrẹ yìí kan náà dé ìsàlẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tí gbígba líìfù ti di wàhálà níbẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ báyìí:

"A fẹ́ ra sọ́fítíwià tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa fi gba líìfù."

Ẹlòmíì kọ ọ́ báyìí:

"Tábìlì mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù líìfù ń gbà kọjá kó tó padà dọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà mìíràn, àwọn kan sì máa ń sọ nù lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá ni odindi ẹ̀ka kan ṣófo lọ́jọ́ kan náà, torí kò sẹ́ni tó rí gbogbo fọ́ọ̀mù náà pa pọ̀ kó tó buwọ́ lù wọ́n."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti parí ọ̀rọ̀. Ohun tó kù kò ju pé irú sọ́fítíwià wo àti èló. Èkejì ní kẹ́ ẹ ronú. Ó lè jẹ́ pé ká dín tábìlì mẹ́rin kù sí méjì, ká sì gbé kàlẹ́ńdà ńlá kan kọ́ sára ògiri, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ sọ́fítíwià náà ló kàn. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i ló yẹ kó yan èyí tó fẹ́, kó sì yàn án pẹ̀lú ìmọ̀.

Ọ̀gá ti ní áàpù lòun fẹ́. Ṣé mo tún lè bi í pé kí nìdí?

Ó yẹ kẹ́ ẹ bi í, àmọ́ ẹ má gbé "kí nìdí" kò ó lójú, á dà bíi pé ẹ̀ ń bá a jiyàn. Ẹ gbé e gba ọ̀nà mìíràn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí áàpù yìí bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ wa, kí lẹ máa fẹ́ ká máa rí tá ò rí báyìí?" Ìdáhùn tó bá fún yín ni ìdí iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kẹ́ ẹ tún kà á padà sí i létí. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn padà ni wọ́n máa ń sọ pé "rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ní lọ́kàn."

Báwo ni mo ṣe máa kọ ohun tí a fẹ́ rí kó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?

Ẹ kọ ọ́ kí àjèjì tó bá kà á lẹ́yìn iṣẹ́ lè sọ bóyá a ṣe é tàbí a ò ṣe é. "Kí gbígba líìfù rọrùn" kò ṣeé wọ̀n. "Kí òṣìṣẹ́ máa gba ìdáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3" ṣeé wọ̀n.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1961, John F. Kennedy dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ní kí orílẹ̀-èdè náà gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, kí wọ́n sì mú un padà wá sílé ayé ní àlàáfíà, kí àwọn ọdún 1960 tó parí. Ẹ wo ohun tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Ó ní gbèdéke. Ó sọ ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ pé ó parí. "Mú un padà" sì wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé òun nìkan ti sọ iṣẹ́ náà di ńlá. Kò sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n máa lò. Ọdún 1962 ni NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò òfurufú, tó mú ọ̀nà tí wọ́n máa gbà lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Oṣù keje ọdún 1969 ni Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá.

Ta ni onígbọ̀wọ́ iṣẹ́? Ṣé òun náà ni máníjà?

Rárá o. Onígbọ̀wọ́ ló ní ìdí iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni owó ti ń wá, òun ló sì máa jíhìn fún àwọn àgbà bí èrè tá a ṣèlérí kò bá yọjú. Máníjà ló ń darí iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ̀ka akáǹtì bá kọ̀ láti yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ nílò, máníjà lè bẹ̀ wọ́n. Onígbọ̀wọ́ ló lè pe ọ̀gá wọn.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò lára ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe onígbọ̀wọ́. Ṣé ó lè yọ owó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlòmíì? Ṣé ó dùn ún bí ìṣòro náà ò bá yanjú? Ṣé ó máa gbé fóònù bí ẹ bá pè é? Ẹni tó gba ipò náà torí pé ipò rẹ̀ ga jù nínú ilé, tí kò sì rí ìdáhùn sí méjì tó kẹ́yìn, orúkọ lásán ni. Ó sàn kẹ́ ẹ mú ẹni tó kéré sí i lọ́gàá, tí ọ̀rọ̀ náà ń ká lára.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó jẹ́ o. Iṣẹ́ tó bá ní onígbọ̀wọ́ méjì, ọjọ́ tí wọ́n bá ti yapa lẹ máa mọ̀ pé kò ní kankan.

Àwọn wo ló yẹ ká bá sọ̀rọ̀ ká tó kọ ohunkóhun?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: àwọn tó máa lò ó, àwọn tí iṣẹ́ wọn máa yí padà, àwọn tó lè dá a dúró. Nínú àpẹẹrẹ líìfù, ẹ má dúró lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka nìkan. Ẹ wá akọ̀wé tí gbogbo fọ́ọ̀mù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ. Òun ló mọ èyí tó ń sọ nù àti ibi tó ń sọ nù sí, òun náà ló sì máa bẹ̀rù jù pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Bí ẹ ò bá bá a sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí sọ́fítíwià bá "kọ̀ láti ṣiṣẹ́" lórí tábìlì rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni ẹni tó máa máa tọ́jú nǹkan náà lẹ́yìn tí iṣẹ́ àkànṣe bá ti túká. Ta ni yóò máa fún òṣìṣẹ́ tuntun láàyè lórí rẹ̀? Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ta ni owó ọdọọdún máa wà? Ẹ béèrè kó tó di pé wọ́n ra nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe lè sọ iye owó nígbà tí mi ò tíì ṣètò?

Ẹ má sọ iye kan. Ẹ sọ àárín iye méjì. Ní irú àkókò yìí, ìfojúbù tí àwọn máníjà iṣẹ́ àkànṣe máa ń lò lè fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ó sì lè fi 75 lé. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá fojú bù ú sí mílíọ̀nù 8, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ ni "láàárín mílíọ̀nù 6 sí mílíọ̀nù 14." Ẹ kíyè sí i pé apá òkè gùn ju apá ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ owó kì í sábà já sí ìsàlẹ̀ ohun tá a rò.

Ọ̀gá máa ní "ẹ ṣá sọ iye kan fún mi." Bí ẹ bá sọ ọ́, iye yẹn ló máa wọnú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó máa rántí pé ìfojúbù ni. Ẹ dáhùn pé: "Láàárín 6 sí 14 ni sà. Bí ẹ bá fún wa ní ọ̀sẹ̀ 5 láti ṣètò, a máa mú un súnmọ́ ara wọn." Òótọ́ ni, ó sì fi ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè àṣẹ hàn án.

Kí ló yẹ kí ìwé ìdí ìnáwó sọ?

Ó yẹ kó sọ pé owó yìí máa mú nǹkan tó jù ú lọ wá, tàbí pé bá ò bá ná an, àdánù rẹ̀ ju owó náà lọ. Ó yẹ kó fi ọ̀nà bíi mẹ́ta wéra, kí "ká má ṣe nǹkan kan" sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀nà yẹn náà ní iye tó ń ná wa, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ìṣirò tó rọrùn jù ni ìgbà tí owó máa padà. Ẹ ná mílíọ̀nù 12, iṣẹ́ náà ń gba mílíọ̀nù 4 sílẹ̀ lọ́dọọdún, ọdún 3 ni. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìṣirò ti ń tan ni, torí owó ọdún mẹ́ta òní kọ́ ni owó òní. Bí ilé iṣẹ́ yín bá gbà pé owó máa ń dín níyì ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, mílíọ̀nù 4 ọdún kìíní tó bíi 3.64 lónìí, ti ọdún kejì tó 3.31, ti ọdún kẹta tó 3.01. Ẹ ro ó pọ̀, kò tó mílíọ̀nù 10. Owó yín ò tíì padà. Ó di inú ọdún kẹrin kó tó pé. Bí sọ́fítíwià náà ò bá lò ju ọdún mẹ́ta lọ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, àdánù lẹ buwọ́ lù.

Kì í ṣe gbogbo èrè ló ń di owó. Òfin lè sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi agídí sọ ọ́ di nọ́ńbà. Nọ́ńbà tí ẹni tó ń kà á bá fura sí máa ba gbogbo nọ́ńbà tó kù jẹ́.

Ìwé àṣẹ iṣẹ́ wá ńkọ́? Báwo ló ṣe máa ń rí?

PMI, ẹgbẹ́ àwọn máníjà iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, sọ pé ìwé yìí ló ń fi ìdí iṣẹ́ múlẹ̀, tó sì ń fún máníjà lágbára láti lo owó àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fún un. PRINCE2, ìlànà tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1996, pe tirẹ̀ ní orúkọ mìíràn, ó sì ya àkókò tó ṣáájú iṣẹ́ sọ́tọ̀ gedegbe. Orúkọ kò ṣe pàtàkì. Bí ti àpẹẹrẹ wa ṣe lè rí nìyí:

*Orúkọ iṣẹ́:* Àtúntò gbígba líìfù.

*Ìdí:* Fọ́ọ̀mù ń pẹ́, ó ń sọ nù, ẹ̀ka sì ń ṣófo láìròtẹ́lẹ̀.

*Ohun tí a fẹ́ rí:* Ìdáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3; kí ọ̀gá ẹ̀ka rí líìfù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú kan kó tó fọwọ́ sí ẹyọ kan.

*Ó wà nínú rẹ̀:* Líìfù ọdọọdún fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ gbà pátápátá.

*Kò sí nínú rẹ̀:* Líìfù ìbímọ, líìfù àìsàn, ìṣirò owó oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀.

*Onígbọ̀wọ́:* Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́. *Máníjà:* ẹni tí wọ́n bá yàn, pẹ̀lú iye tó lè ná láìpadà béèrè.

*Owó àti àkókò:* Láàárín mílíọ̀nù 6 sí 14; láàárín oṣù 5 sí 9.

*Ohun tó dè wá lọ́wọ́:* Kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí oṣù kejìlá, ìgbà tí líìfù ń pọ̀ jù.

*Ohun tí a gbà bí òótọ́ láì tíì yẹ̀ ẹ́ wò:* Gbogbo ọ̀gá ẹ̀ka ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́.

*Ewu tó tóbi jù:* Kí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka máa bá fọ́ọ̀mù pépà lọ lábẹ́lẹ̀.

*Àṣẹ tí a ń béèrè:* Ọ̀sẹ̀ 5 àti ènìyàn 3, láti ṣètò iṣẹ́ náà.

Ojú ewé kan sí méjì ti tó. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò láìgbàṣẹ.

Ṣé dandan ni ká kọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀?

Bí mo bá ní láti pa gbogbo ìlà yòókù rẹ́, mo máa fi èyí sílẹ̀. Ohun tó wà nínú iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ló máa ń gbà á. Ìgbà tẹ́ ẹ bá kọ "líìfù àìsàn kò sí nínú rẹ̀" ni ẹnì kan máa dìde pé "àbí ẹ̀ ń ṣeré ni? Èyí tí mo torí rẹ̀ wá gan-an nìyẹn." Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lónìí, nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ kò ju kẹ́ ẹ pa ìlà kan rẹ́ lọ.

Ìlà "ohun tí a gbà bí òótọ́" yẹn ò yé mi.

Ohun tẹ́ ẹ fọkàn tán ni, tẹ́ ò sì tíì lọ wò. "Gbogbo ọ̀gá ẹ̀ka ní kọ̀ǹpútà." Ó lè jẹ́ irọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, iye owó yín ti yí padà. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó máa jábọ̀. Èyí tó bá ṣeé fi fóònù kan yanjú, ẹ yanjú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìwé lọ.

Báwo ni mo ṣe máa gbé ìwé náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó máa fọwọ́ sí i?

Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé jẹ́ ibi tí wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Ẹni tó máa tako yín níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó tako yín ní ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí kò ti sí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wò ó. Nígbà mìíràn ó máa fún yín ní gbólóhùn kan tó máa mú ìwé náà dára sí i, tó bá sì di ọjọ́ ìpàdé, òun ló máa gbèjà rẹ̀.

Níbi ìpàdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ ń béèrè: "Ọ̀sẹ̀ 5 àti ènìyàn 3 la fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí lónìí." Kí ìtàn tẹ̀lé e. Àwọn àgbà tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́jọ láti gbọ́ láàárọ̀ kan kì í fẹ́ máa wá ohun tí ẹ fẹ́ kiri. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi ni pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bá ò bá ṣe é, kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí, iṣẹ́ wo la máa dá dúró ká tó rí ènìyàn 3 yìí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń mú ẹnu wọhò. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá àwọn ènìyàn mẹ́ta náà kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ọ̀gá sọ lójú ọ̀nà pé "ó dáa, ẹ máa bá a lọ." Ṣé àṣẹ nìyẹn?

Kì í ṣe àṣẹ. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ láàárọ̀, mo gbọ́ ọ yé pé ẹ fọwọ́ sí ọ̀sẹ̀ 5 àti ènìyàn 3 láti ṣètò iṣẹ́ líìfù. Ìwé àṣẹ rèé fún ìbuwọ́lù yín." Bí kò bá buwọ́ lù ú, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Bí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú, ṣé mo lè pe agbaṣẹ́ṣe?

Ẹ kò lè pè é. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé kẹ́ ẹ lọ ṣètò. Ẹ máa padà wá pẹ̀lú ètò kíkún àti iye tó ti súnmọ́ra, wọn yóò sì tún pinnu. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín máníjà àti àwọn akáǹtì ló ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan rò pé òun ti gba mílíọ̀nù 14, ẹnìkejì mọ̀ pé owó oṣù ènìyàn mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ 5 lòun fọwọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé náà.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè irú kíkọ̀ tó jẹ́. "Kì í ṣe ọdún yìí" yàtọ̀ sí "a ò gba ìdí rẹ̀ gbọ́," méjèèjì sì yàtọ̀ sí "owó rẹ̀ pọ̀ jù." Ẹ kọ ìdáhùn náà sínú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, torí ẹlòmíì máa gbé èrò kan náà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìtíì náwó lé e, èrè ni. Mi ò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ka irú rẹ̀ sí ìjákulẹ̀.

Iṣẹ́ kékeré ńkọ́?

Ìlà márùn-ún nínú ímeèlì ti tó: ìdí, ohun tí a fẹ́ rí, ohun tí kò sí nínú rẹ̀, ẹni tó ni ín, iye tó máa ná wa. Kí ẹnì kan ṣá fèsì pé "mo fọwọ́ sí i."

Ìpele-ìpele la máa ń ṣe iṣẹ́ sọ́fítíwià tiwa, a kì í kọ ètò gígùn. Ṣé èyí kàn wá?

Ó kàn yín dáadáa. Ohun tẹ́ ẹ sọ pé ẹ kì í ṣe ni ètò gígùn. Ìdí iṣẹ́, ẹni tó ni ín, iye tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ lè ná kẹ́ ẹ tó dúró bi ara yín léèrè, ìwọ̀nyẹn kò yí padà. Ààlà lè máa rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kí ẹ̀yin àti ẹni tó ń sanwó ti fẹnu kò lórí ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé.

Lẹ́yìn ìbuwọ́lù, ṣé ìwé àṣẹ ṣì lè yí padà?

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdí tó mú kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lè kú lójú ọ̀nà. Torí náà, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún ìdí náà yẹ̀ wò sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó lè mú kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí ọkọ̀ òfurufú Concorde ní oṣù kọkànlá ọdún 1962. Nígbà tí ìjọba tuntun dé sípò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964, tí wọ́n wo iye tó ń gùnkè, tí wọ́n fẹ́ yọwọ́, wọ́n rí i pé àdéhùn náà kò fi ọ̀nà tó rọrùn sílẹ̀ láti jáde. Iṣẹ́ ń bá a lọ. Ogún péré ni wọ́n kọ́ nínú ọkọ̀ náà, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ ló sì bá àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣiṣẹ́.

Bí àyípadà bá dé, kí máníjà má dá a ṣe. Onígbọ̀wọ́ ló buwọ́ lu ti àkọ́kọ́, òun náà ló máa buwọ́ lu èyí tó rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni mo kọ ìwé náà, ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe máníjà. Kí ni kí n kó fún un?

Ẹ kó ìwé àṣẹ tí wọ́n buwọ́ lù fún un, àti ìwé ìdí ìnáwó pẹ̀lú ìṣirò inú rẹ̀, kì í ṣe àròpọ̀ nìkan. Ẹ kó orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, pẹ̀lú ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ fún yín, pàápàá èyí tí wọn ò fẹ́ sọ níbi ìpàdé. Ẹ kó àwọn ọ̀nà tẹ́ ẹ yẹ̀ wò tẹ́ ẹ sì kọ̀, àti ìdí tẹ́ ẹ fi kọ̀ wọ́n, kó má baà tún lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan, kí onígbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, kí máníjà tuntun ka ìwé àṣẹ náà sókè ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì béèrè ohun tí kò bá yé e.